Ta Ló Yìnbọn?

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ológun wa bá délẹ̀ láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, ibì kan náà ló máa ń parí sí. Ẹnì kan á ní owó ni kò tó. Ẹlòmíì á ní wọ́n ti kó owó ọ̀hún jẹ. Ẹni tó gbọ́ ìròyìn jù láàrin wa á wá dá ọ̀rọ̀ Ukraine sílẹ̀, bí drone olówó pọ́ọ́kú ṣe ń ba ọkọ̀ ogun olówó gọbọi jẹ́ níbẹ̀ láti 2022. Á ní bí Nàìjíríà ò bá tètè múra sílẹ̀ de irú ogun yẹn, a gbé. Drone tí à ń wí yìí ni ọkọ̀ òfuurufú tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń darí rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń wo àwòrán.

Mi ò bá wọn jiyàn lórí rírà. Ọ̀tá ò dúró dè wá. Ní ìparí 2024, ISWAP fi drone tí wọ́n so bọ́ǹbù mọ́ kọ lu àgọ́ àwọn sójà wa ní Wajiroko, ní Borno. Ẹni tó bá ní kí sójà máa gbé ìbọn àtijọ́ dojú kọ irú ìyẹn, ọmọ ọlọ́mọ ló ń rán lọ kú. Ìbéèrè tèmi yàtọ̀: bí ẹ̀rọ bá pa ẹni tí kò yẹ kó pa, ta ló pa á?

Ẹ má wulẹ̀ sọ pé àròjinlẹ̀ ọmọ yunifásítì nìyẹn. Ó ti ṣẹlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 2023, àwọn ará Tudun Biri, abúlé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi, ìpínlẹ̀ Kaduna, péjọ láti ṣe Máólúdì. Drone àwọn ológun ilẹ̀ wa ju bọ́ǹbù sáàrin wọn. Àjọ NEMA ní òkú 85 ni wọ́n sin. Àwọn ológun ò sẹ́. Wọ́n ní àwọn rí ogunlọ́gọ̀ èèyàn láti òkè, àwọn sì rò pé agbésùnmọ̀mí ni wọ́n. Ọ̀gá àgbà wọn lọ tọrọ àforíjì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2024, wọ́n kéde pé ọ̀gá ológun méjì máa jẹ́jọ́ ní kóòtù àwọn ológun.

Ẹ fi ìyẹn sápá kan ná, ká padà sí 2014. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwọn sójà kan kọ̀, wọn ò lọ gba àwọn ìlú tó ti bọ́ sọ́wọ́ Boko Haram ní Borno. Wọ́n ní ohun ìjà tí wọ́n kó fún àwọn ò tó, pé ikú òfo ni wọ́n ń rán àwọn lọ kú. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá, kóòtù àwọn ológun ti dájọ́ ikú fún 54 nínú wọn. (Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yí i sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá.) Mi ò sọ pé kí sójà máa kọ àṣẹ o. Ogun ò ṣeé jà bí oníkálukú bá ń ṣe èyí tó wù ú. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni bó ṣe rọrùn tó láti mọ ẹni tí ẹjọ́ kàn. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní nọ́ńbà, wọ́n ní ẹsẹ̀ tí wọn ò gbé. Láàrin oṣù mẹ́rin, ẹjọ́ ti parí. Ti Tudun Biri ńkọ́? Oṣù mẹ́rin náà la fi dúró ká tó gbọ́ pé èèyàn méjì máa jẹ́jọ́.

Ti Rann tún wá ju ìyẹn lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 2017, ọkọ̀ òfuurufú ológun ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn, ní Borno. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú. Ìdáhùn tí wọ́n fún wa lẹ́yìn ìwádìí ni pé kò sí àmì tó yẹ níbẹ̀. Àmì ló jẹ̀bi! Bẹ́ẹ̀, èèyàn ẹlẹ́ran ara ló wa ọkọ̀ ti Rann o. Bí wọ́n bá wá yọ awakọ̀ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, kí la máa dá lẹ́bi?

Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé bí Aláàfin bá rán Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò lógun, oṣù mẹ́ta ló ní: kó ṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé. Òfin yẹn ti le jù, mi ò ní ká dá a padà. (Ta ló tiẹ̀ máa gbaṣẹ́ ọ̀gá ológun mọ́?) Àmọ́ kí ogun tó gbéra nílé, tọmọdé tàgbà ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ máa já lé lórí. Wọn ò dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní òfin ti dáhùn ìbéèrè mi: ẹni tó pàṣẹ ni. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń bọ̀ ò ní dúró gbàṣẹ, fúnra rẹ̀ ló máa yan ẹni tó fẹ́ pa. Ní oṣù Kejìlá 2023 tí wọ́n sin òkú Tudun Biri náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò pé ó yẹ kí aráyé tètè wá nǹkan ṣe sí irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè 152 ló fọwọ́ sí i. Àwọn 54 ìjọ́sí kọ̀ torí pé ara tiwọn ni ìbọn máa bà. Ẹ̀rọ ò ní ara. Kò ní kọ̀ láé, ohun tí àwọn tó ń tà á sì fi ń polówó rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ológun máa ń gba àwọn tó ti jáde yunifásítì nípasẹ̀ Direct Short Service. Mo mọ ẹni méjì ní hóstẹ́ẹ̀lì wa tó ń dúró de fọ́ọ̀mù rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń ka kọ̀ǹpútà. Òun gan-an ni wọ́n lè gbé jókòó síwájú àwòrán yẹn lóru ọjọ́ kan, kó máa wo èrò tí kò mọ̀ bóyá àdúrà ni wọ́n ń ṣe tàbí wọ́n ń gbìmọ̀ ogun. Mo bi í pé kí ló máa ṣe. Ó ní òun á dúró dìgbà tí òun bá rí ìbọn lọ́wọ́ ẹnì kan. Mo ní bí ọ̀gá ẹ bá wá ní kó o má dúró ńkọ́?

Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun jẹun.