Ìṣẹ́tí Aṣọ àti Òtítọ́ Aránṣọ

Àwọn àgbà ní aṣọ là ń kí, kí á tó kí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ibo lára aṣọ ni à ń kí? Òde rẹ̀ nìkan ni. Kò sí ẹni tí í yí inú ẹ̀wù ẹlẹ́wù síta lágbo àríyá kí ó tó yìn ín. Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ aránṣọ jẹ oníbàárà rẹ̀ ní gbèsè iṣẹ́ rere nínú aṣọ, níbi tí ojú kò tó? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò nìyí.

Kí á tó dáhùn, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó ń mú kí etí aṣọ tú. Fọ́nrán òwú tí a hun ní òòró àti ní ìbú ni aṣọ. Òòró ni ó di ìbú mú, ìbú ni ó sì di òòró mú. Bí ahunṣọ bá jókòó ti òfì, ọkọ̀ ìhunṣọ a gbé òwú dé etí kan, a sì ṣẹ́rí padà sí èkejì láìgé e. Nítorí náà, ìbáà ṣe sányán, àlàárì tàbí ẹtù, etí méjèèjì aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ náà, tí ìbú rẹ̀ kì í sábà ju íǹṣì 4 sí 6 lọ, ti dì mọ́ra láti orí òfì wá. Ibi tí a bá ti gé e nìkan ni ó lè tú. Ti àǹkárá yàtọ̀. Aránṣọ ní láti gé e ní ọrùn, ní apá àti ní ìhà, gbogbo ibi tí àlùmọ́gàjí sì gbà kọjá ni fọ́nrán ti pàdánù ohun tí ó dì í mú. Bí a bá ti ń fọ̀ ọ́ tí a ń fún un, òwú kan a yọ, èkejì a tẹ̀ lé e, títí yóò fi dé ojú ibi tí a rán. Ọjọ́ náà ni ìhà ẹ̀wù yóò ya, bí òwú tí a fi rán an kò tilẹ̀ já.

Ìdènà rẹ̀ kò ṣòro. Aránṣọ lè ṣẹ́ etí náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ojú gígé fara pamọ́ sínú, kí ó sì rán an mọ́lẹ̀. Ó lè fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán an yíká. Ó sì lè gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ tí àwọn aránṣọ ń pè ní ti wífìn, tí ó ń fi òwú 3 tàbí 4 di etí aṣọ. Àlùmọ́gàjí eléyín a máa fawọ́ títú sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kì í dá a dúró.

Àwọn aránṣọ kan a máa wí pé bí owó bá ti mọ ni iṣẹ́ ń mọ. Àwíjàre yìí kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Oníbàárà tí ó ná owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí, tí ó tún ní dandan ni kí aṣọ jáde lọ́la nítorí ọdún, kò lè yọ ọwọ́ nínú ẹ̀bi náà. Síbẹ̀, ìṣẹ́tí kì í ṣe ènì tí ọlọ́jà ń bù sí i nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn. Ara ọjà gan-an ni. Ẹ̀wù tí yóò ṣe é wọ̀, tí yóò sì ṣe é fọ̀, ni a ní kí ó rán. Bí owó kò bá ká a, kí ó là á mọ́lẹ̀, kí oníbàárà fi kún un, tàbí kí ó gbé e lọ sílé lọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣẹ́ ẹ. Ìdákẹ́ ni ó sọ ọ̀rọ̀ di èrú.

Ta sì ni èrú yìí ń pa lára jù? Kì í ṣe olówó tí aṣọ kún inú àpótí rẹ̀. Kì í wọ ẹyọ ẹ̀wù kan tó bẹ́ẹ̀ kí àṣírí tó tú. Ọmọ ilé-ìwé tí ó ní ẹ̀wù kan ṣoṣo, tí ìyá rẹ̀ ń fọ̀ lálaalẹ́ kí ó lè gbẹ di àárọ̀, òun ni aṣọ ń tú mọ́ lára. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àtirà òmíràn ni ó ń san gbèsè iṣẹ́ tí aránṣọ jí fò.

Ẹnìkan lè rán mi létí pé gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Òótọ́ ni. Àṣírí ara ẹni ni òwe náà ní kí á bò. Kò fún wa láṣẹ láti fi ohun tí yóò pa ọmọlàkejì lára pamọ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo etí tí a kò ṣẹ́ ni àbùkù. Wájàwájà tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ létí ìborùn, tí a sì so ní kókó, ọ̀ṣọ́ ni. Gbangba ni ó wà, ẹni tí ó ni ín sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Lékè gbogbo rẹ̀, irọ́ ni pé ojú ẹnikẹ́ni kò tó inú aṣọ. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ń rí i. Bí ó ti ń rí ọ̀gá rẹ̀ tí ń fo ìṣẹ́tí, kì í ṣe ìránṣọ nìkan ni ó ń kọ́. Ó ń kọ́ pé ibi tí ojú mọ ni òtítọ́ mọ. Ó lè di ọ̀gá lọ́la, kí ó fi ẹ̀kọ́ náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nítorí náà, mo gbà pé aránṣọ jẹ wá ní gbèsè inú aṣọ gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ wá ní gbèsè òde rẹ̀. Àwa náà ní ojúṣe tiwa: kí á yí inú ẹ̀wù síta wò kí á tó gbà á, kí á sì múra àtisan owó ohun tí a fẹ́ bá níbẹ̀. Bí a bá ń yọ́lẹ̀ dà, ohun abẹ́nú a máa yọ́ni ṣe.