Irọ́ Ìjọba Nígbà Ìjà Èrò: Ǹjẹ́ Ogun Lè Sọ Ọ́ Di Ẹ̀tọ́?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí Òdodo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn orúkọ Rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní Al-Amīn, ẹni tí a lè fọkàn tán, kí ìmísí tó sọ̀ kalẹ̀ fún un.

Lẹ́yìn èyí, ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nìyí: bí ìjọba kan bá ń bá òmíràn jà nítorí èrò àti ìgbàgbọ́, tí ó sì dá a lójú pé ọ̀dọ̀ òun ni òdodo wà, ǹjẹ́ ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bo ìròyìn mọ́lẹ̀, tàbí láti fi irọ́ darí àwọn ènìyàn? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn olóṣèlú nìkan. Ó kan àwọn àlùfáà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí pé nígbà Ogun Tútù láàrin Amẹ́ríkà àti Sófíẹ́ẹ̀tì, ẹ̀sìn Ìsìláàmù gan-an wà lára ohun èlò tí ìhà méjèèjì fi jà.

Ìhà Sófíẹ́ẹ̀tì ni a ó kọ́kọ́ wò. Láti òpin àwọn ọdún 1920 ni ìjọba náà ti fi lẹ́tà Látìnì rọ́pò lẹ́tà Lárúbáwá tí àwọn Mùsùlùmí Àárín Gbùngbùn Éṣíà fi ń kọ èdè wọn. Nígbà tí ó di ọdún 1940, wọ́n tún fi lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà rọ́pò ti Látìnì ní Uzbekistan. Bí ọmọ kò bá lè ka ìwé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ mọ́, kò tún sí ìdí láti dáná sun ìwé náà. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ìwé àjàmí jẹ́ fún àwọn Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà yóò mọ bí ọgbẹ́ yìí ti jìn tó.

Síbẹ̀, ìjọba kan náà ni ó fọwọ́ sí ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà ní Tashkent ní ọdún 1943. Láti ọdún 1968 ni ìgbìmọ̀ yìí sì ti ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà kan jáde lórí àwọn Mùsùlùmí Ìlà-Oòrùn Sófíẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní èdè Lárúbáwá, àti ní Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé lẹ́yìn náà, nítorí pé àwọn ará òkèèrè ni wọ́n fẹ́ kí ó kà á. Mọ́sálásí tí a tún ṣe àti àlejò tí a gbà tọwọ́tẹsẹ̀ ni ó ń fi hàn; kì í ṣe àwọn mọ́sálásí tí Khrushchev tì pa nígbà tí ó gbógun ti ẹ̀sìn láti ọdún 1958 sí 1964. Ohun tí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ òótọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ irọ́.

Amẹ́ríkà náà kò gbẹ́yìn. Ní ọdún 1966 àti 1967, àṣírí tú pé ilé-iṣẹ́ amí rẹ̀, CIA, ni ó ń fi owó ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí ẹgbẹ́ kan tí ó ń ṣe agbátẹrù òmìnira àṣà káàkiri àgbáyé. Owó ẹgbẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù ni ti Afghanistan. Láti ọdún 1984 sí 1994, ìjọba Amẹ́ríkà ná ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là lórí ìwé ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ ilẹ̀ náà, nípasẹ̀ yunifásítì kan ní Nebraska. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ìbọn, ọta àti ọkọ̀ ogun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ jíhádì lù ú mọ́ra. Àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì kúrò ní ọdún 1989, ṣùgbọ́n àwọn ìwé náà kò kúrò ní yàrá ẹ̀kọ́. Àwọn Taliban náà lò wọ́n. Ní ọdún 2002 ni wọ́n tó ń yọ àwòrán ohun ìjà kúrò nínú ẹ̀dà tuntun.

Ẹnì kan lè sọ pé: ṣebí hádíìsì tí Bukhārī àti Muslim gbà wá ka ẹ̀tàn mọ́ ohun tí ó wà nínú ogun? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Imāmu An-Nawawī, nígbà tí ó ń ṣàlàyé rẹ̀, yọ ẹ̀tàn tí ó bá ba májẹ̀mú tàbí ìfọkàntán jẹ́ sẹ́yìn. At-Tabarī tilẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ olójú méjì ni a yọ̀ǹda, kì í ṣe irọ́ pọ́ńbélé. Síwájú sí i, ọ̀gá ogun tí ó dojú ìjà kọ ni ni ẹ̀tàn ojú ogun wà fún, ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀tá ni a jẹ́ sí òun. Ọmọdé tí ó jókòó níwájú olùkọ́ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, òǹkàwé tí ó gba ọ̀rọ̀ àlùfáà gbọ́ kò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí fọkàn tán ni, àmánà sì ni ìfọkàntán wọn. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ogun gidi ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí a bá pe ìjà èrò tí ó lé ní ogójì ọdún ní ogun, ọjọ́ wo ni ìjọba yóò jẹ àwọn ènìyàn ní gbèsè òótọ́?

A kò sọ pé kí ìjọba má ní àṣírí. Súrà Nisā'i, āyà 83, fi hàn pé ọ̀rọ̀ ààbò àti ìbẹ̀rù kì í ṣe ohun tí a ń tàn kálẹ̀ láìkọ́kọ́ gbé e tọ àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí ta ni ìpamọ́ náà ń dáàbò bò? Nígbà tí ilé-iṣẹ́ iná Chernobyl bú gbàmù ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1986, ọjọ́ 28 ni Sófíẹ́ẹ̀tì tó sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn tí Sweden ti rí májèlé náà nínú afẹ́fẹ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, wọ́n ṣì mú àwọn ọmọdé yan ní ìgboro Kyiv. Iyì ìjọba ni àṣírí yìí dáàbò bò; àwọn ará ìlú ni ó fi sínú ewu.

Àpẹẹrẹ tí ó ga jù lọ wà lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ Ibrāhīm kú ni oòrùn ṣókùnkùn, àwọn ènìyàn sì ń wí pé ikú ọmọ náà ni ó fà á. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ì bá tún gbé orúkọ rẹ̀ ga ju èyí lọ, kò sì sí ẹni tí ì bá já a níkòó. Ṣùgbọ́n ó dìde, ó sọ fún wọn pé oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìbí ẹnikẹ́ni. Ó kọ irọ́ tí ó ṣe ìhà tirẹ̀ ní àǹfààní, nígbà tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin onímímọ̀, bí ìjọba kan bá yin ẹ̀sìn wa, tí ó tẹ ìwé fún wa, tí ó sì pè wá sí àpéjọ, àṣẹ àtiṣe ìwádìí tí ó wà nínú Súrà Hujurāti, āyà 6, kò yọ ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á béèrè ẹni tí ó san owó rẹ̀, àti ohun tí wọn kò jẹ́ kí á rí. Òdodo tí ó bá nílò irọ́ kí ó tó lè borí ti pàdánù kí ìjà tó parí.

Ọlọ́hun ni Ó mọ̀ jù.