Ilé Tí Kò Gba Ọmọdé

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Calgary ń yẹra fún, bí ẹni tó rí olówó rẹ̀ lọ́nà: níbo ni àwọn òbí wa yóò gbé nígbà ogbó wọn? Kì í ṣe pé a kò ní ìdáhùn. Èyí tí a gbé wá láti ilé ni pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Nítorí náà, abẹ́ òrùlé ọmọ ni òbí gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó bá sì mú ìyá rẹ̀ lọ sí ilé àwọn àgbà ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ kí á tú ìdáhùn yìí wò, nítorí lójú tèmi apá kan rẹ̀ dúró, apá kejì kò dúró.

Ẹ jẹ́ kí á mú Castleridge, ní àríwá ìlà-oòrùn ìlú wa. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé síbẹ̀, fún ìdílé tó ní mọ́tò, tí ẹsẹ̀ wọn sì lè gun àtẹ̀gùn. Ilé tó dára ni fún ẹni 40 ọdún. Ṣùgbọ́n ìyá ẹni ọdún 75 tó dé láti Òṣogbo sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ àti aya ọmọ ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ ti lọ síléèwé, yìnyín sì ti bo ẹnu ọ̀nà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òun àti tẹlifíṣọ̀n ni. Òrùlé wà lórí rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọjá tí yóò kí i pé "Ẹ kú ìjókòó, mà." Ṣé ọmú tí òwe ń wí nìyí?

Àwọn akọ́lé mọ ìṣòro yìí ju bí a ti rò lọ. Níbi tí ilé bá ti ń gbó, tí ọkọ̀ ojú irin sì ti dé, bí ó ti dé ibùdókọ̀ McKnight–Westwinds lẹ́bàá Castleridge ní ọdún 2007, ilẹ̀ ibẹ̀ di ohun tí wọ́n ń wò lẹ́ẹ̀mejì. Calgary ti tún àdúgbò ṣe báyìí rí. Ní Bridgeland, wọ́n wó ilé ìwòsàn General Hospital lulẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1998, kọ́ńdò sì ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà.

Kọ́ńdò kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Onílé kọ̀ọ̀kan ló ni inú ilé tirẹ̀, gbogbo wọn ló jọ ni òrùlé, àtẹ̀gùn àti àgbàlá, wọ́n sì ń dá owó lóṣooṣù láti fi tún wọn ṣe. Òfin Alberta sọ pé, ó pẹ́ tán, ní ọdún márùn-ún márùn-ún kí wọ́n gbé ẹni tó mọ̀ ọ́n wá ṣírò bóyá owó tó wà nípamọ́ yóò tó. (Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe, ẹ gbà mí láyè: ìwé ìṣirò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, kí ẹ tó wo àwòrán ilé ìdáná. Ẹni tó wà ní àríwá ìlà-oòrùn ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà ọdún 2020, nígbà tí òjò oníyìnyín ba ohun tó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là jẹ́, mọ ìdí rẹ̀.) Ọdún 1966 ni Alberta ṣe òfin kọ́ńdò. Agbo ilé tiwa ti wà kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó gbọ́ orúkọ Alberta: oníyàrá ló ni yàrá, gbogbo ilé ló ni àgbàlá, bí ògiri bá sì fẹ́ wó, gbogbo ọmọ ilé ni yóò jọ po amọ̀. Ìyá àgbà ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ àti àpótí tirẹ̀. Kì í ṣe àlejò nínú yàrá ọmọ rẹ̀.

Ibòmíràn ni àjèjì wà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2018, òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Alberta kò gbà kí onílé torí ọjọ́ orí kọ ayálégbé, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn ilé tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹni ọdún 55 sókè sílẹ̀. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ gbé ibẹ̀.

Mo mọ ohun tí wọ́n rò. Àgbà ń fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, àwọn ìyá tiwa náà ń fẹ́ ẹ. Ìyá kan tí mo mọ̀ sọ fún ọmọ rẹ̀ pé òun kò wá sí Kánádà láti wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dun ọmọ, àmọ́ kò sí irọ́ níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ló ń pe ìyá wá ní orúkọ ìtọ́jú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé òun ni yóò máa tọ́jú ọmọ wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀kùn tirẹ̀ ni yóò jẹ́ kí ó lè sọ pé, "Ó rẹ̀ mí lónìí, ẹ máa bọ̀ lọ́la."

Ṣùgbọ́n kí "ọ̀la" yẹn tó lè ní ìtumọ̀, ọmọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí tó lè kanlẹ̀kùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ta ni àgbà yóò jẹ́ àgbà fún nínú ilé tó jẹ́ àgbà nìkan ló kún ibẹ̀? Ta ni yóò là níjà, ta ni yóò pa àlọ́ fún? Ẹ̀bi kọ́ ni pé ìyá ń gbé ilé ọ̀tọ̀. Ẹ̀bi ni pé a gé e kúrò lára àwọn tó nílò rẹ̀, a sì sanwó fún un.

Ẹ tún wo ìwé ìpolówó wọn dáadáa. Àwòrán àgbà ni wọ́n yà, àmọ́ ọmọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀: ọkàn yín á balẹ̀, ààbò wà. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìfọ̀kànbalẹ̀ ọmọ ni wọ́n ń tà. Òbí tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò lè gba owó ogbó ìjọba kí ó tó gbé Kánádà fún ọdún 10, nítorí náà ọmọ ní í sanwó, ẹni tó ń sanwó a sì máa rò pé òun náà ni kí ó yan yàrá. Mo ka èyí sí ìwà àìtọ́, bó ti wù kí ọmọ náà ní ìfẹ́ tó.

Àwọn Kristẹni ará Ṣáínà ní ìlú yìí dá Wing Kei sílẹ̀, kí arúgbó wọn lè gbọ́ èdè tirẹ̀ níbi ìtọ́jú. Mo gbóríyìn fún wọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ àgbà tí ara rẹ̀ ṣì le ni mò ń sọ. Tiwa kò ní kí á kọ́lé. Bí akọ́lé bá fẹ́ yí ìlò ilẹ̀ kan padà, ìgbìmọ̀ ìlú gbọ́dọ̀ pe ìpàdé ìta gbangba, ẹnikẹ́ni sì lè dìde níbẹ̀ sọ pé ilé tí a fẹ́ ni èyí tí yàrá kékeré ìyá àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oníyàrá mẹ́ta ti ọlọ́mọ, lábẹ́ òrùlé kan náà. Lójú ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe é, nígbà tí àyè kò gba ọ̀pọ̀ nínú wa. Àyè gba àwọn òbí wa. Kí á gbé wọn lọ, kí á wá ẹni tí yóò túmọ̀ fún wọn, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́.