Ìyá tí Ń Kọ̀wé: Ta ni Yóò Gbé Ọmọ fún Un?

Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ obìnrin àti àwọn ìyá tí ó mọ̀wé nínú ìjọ wa, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Òun nìyí: bí Ọlọ́run bá fún obìnrin kan ní ẹ̀bùn ìwé kíkọ, tí Ó sì tún fún un ní àwọn ọmọ tí ń dàgbà, èwo nínú méjèèjì ni kí ó fi sílẹ̀ nítorí èkejì? Àwọn kan a máa dáhùn kíákíá pé kí ó gbé kálàmù jù sílẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà. Àwọn mìíràn a sì wí pé kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má baà dà bí ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ri tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú òwe Olúwa wa. Lójú tiwa, ìdáhùn méjèèjì kò tó, nítorí pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé gbogbo ẹrù náà lé. A fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n bá wa yẹ ọ̀ràn náà wò.

Ní àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a wo irú iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ ìyá. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti ń dá iná. A ó wẹ̀ fún èyí, a ó di irun fún tọ̀hún, a ó wá ìwé ẹnì kan tí ó sọnù sábẹ́ ibùsùn, a ó sì fi owó oúnjẹ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka èyí sí iṣẹ́, nítorí pé kì í pẹ́ tí àmì rẹ̀ fi ń parẹ́: oúnjẹ tí a sè ní òwúrọ̀ kò sí mọ́ ní ọ̀sán, aṣọ tí a fọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta a sì ti dọ̀tí ní ọjọ́ Ajé. Iṣẹ́ ìwé kíkọ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń hun aṣọ lè dìde kúrò nídìí òfì, kí ó sì padà bá òwú rẹ̀ níbi tí ó fi í sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá èrò ọkàn rẹ̀ mu, bí ọmọ bá ké, tí ó sì dìde, nígbà tí yóò fi padà dé, ọ̀rọ̀ náà ti bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn tí ń wí pé kí ìyá dúró títí àwọn ọmọ yóò fi dàgbà kò ṣírò ọjọ́ náà. Ìyá tí ó bí ọmọ 5, tí ọdún 3 wà láàárín ọ̀kan sí èkejì, yóò dúró fún ọdún 30 kí àbíkẹ́yìn rẹ̀ tó pé ọmọ ọdún 18. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà kì í dínkù bí ọmọ ti ń dàgbà. Ńṣe ni ó ń yí padà. Ọmọ ọwọ́ ń fẹ́ apá ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 7 ń fẹ́ etí rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 sì ń fẹ́ ojú rẹ̀ lára, bí ó tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò fẹ́. Ẹni tí ó bá dúró de ìgbà tí kò sí ọmọ tí yóò pè é, ó lè ti gbàgbé ohun tí ó fẹ́ kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo obìnrin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé. Harriet Beecher Stowe, ará Amẹ́ríkà, tí a bí ní 1811, jẹ́ ọmọ oníwàásù àti aya olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn. Ó wọ ilé ọkọ ní 1836, ó sì bí ọmọ 7. Owó oṣù ọkọ rẹ̀ kò tó bọ́ ilé, nítorí náà ó máa ń kọ ìtàn kéékèèké fún àwọn ìwé ìròyìn, ó sì ń mú nínú owó rẹ̀ san fún ẹni tí ó ń bá a ṣe iṣẹ́ ilé. Ní 1849, àrùn onígbáméjì jà ní ìlú Cincinnati níbi tí wọ́n ń gbé, ó sì pa ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré tí kò tíì pé ọdún méjì. Ní ọdún kejì, ìdílé náà kó lọ sí ìlú Brunswick, ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà sì ṣe òfin tí ó le koko, pé kí a máa mú ẹrú tí ó bá sá padà fún olówó rẹ̀. Stowe wí lẹ́yìn náà pé lẹ́bàá ibùsùn ikú ọmọ òun ni òun ti mọ ohun tí ìyá tí ó jẹ́ ẹrú ń rò nígbà tí a bá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ tà.

Àwa ọmọ Yorùbá kò nílò alágbàwí kí a tó mọ irú ìrora bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìjọ wa ni ó mọ̀ pé ní 1821 ni a kó ìlú Òṣogùn, tí a sì ya Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ Àfàlà. Ọdún 25 kọjá kí ìyá àti ọmọ tó tún fi ojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta, ní 1846. Ohun tí Àfàlà gbé sínú ní ọdún 25 náà, òun kò kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu ọmọ rẹ̀ ni a ti gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìyá tí ó lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ ìyá tí kò lè kọ ọ́. Nítorí náà, ìwé rẹ̀ kì í ṣe eré ọwọ́dilẹ̀.

Ní oṣù Okúdù 1851, ìwé ìròyìn kan ní Washington bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Stowe jáde ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìtàn náà ni Uncle Tom's Cabin. Ọmọ 6 ni ó wà nílé nígbà náà: àwọn ìbejì tí í ṣe àkọ́bí ti di ọmọ ọdún 14, àbíkẹ́yìn kò sì tíì pé ọdún kan. Báwo ni ó ṣe rí àyè? Ọkọ rẹ̀ ti kọ̀wé sí i ní ọdún mélòó kan ṣáájú pé kí ó gba ìwé kíkọ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí a pè é sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Catharine, tí òun pẹ̀lú jẹ́ olùkọ́ àti òǹkọ̀wé, wá sí ilé rẹ̀ ní Brunswick láti bá a mójú tó ilé títí ìtàn náà fi parí. Nígbà tí a sọ ọ́ di ìwé ní 1852, a ta tó 300,000 rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún kan, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò bìkítà tẹ́lẹ̀ kórìíra òwò ẹrú. Orúkọ Stowe ni ó wà lára ìwé náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí i gbọ́dọ̀ rántí ẹni tí ń sè, tí ń fọ̀, tí ó sì ń gbé ọmọ ní yàrá kejì.

Kí a wá wo ilé mìíràn tí kò rí bẹ́ẹ̀. Buchi Emecheta, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Èkó ní 1944, lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù ní 1962. Láìpẹ́ ọjọ́ ó ti di ìyá ọmọ 5. Ó kọ ìwé kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi han ọkọ rẹ̀. Ọkọ náà sì jó o níná. Ó fi ilé náà sílẹ̀ nígbà tí kò tíì ju ọmọ ọdún 22 lọ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì, ó sì ń jí ní kùtùkùtù kí àwọn ọmọ tó dìde, kí ó lè kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1972. Èyí tí a jó, ó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì jáde ní 1976, The Bride Price ni orúkọ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ Second Class Citizen, ti 1974, ni ó fi ta àwọn ọmọ rẹ̀ 5 lọ́rẹ, ó sì ka ariwo wọn mọ́ ohun tí ó bá a kọ ìwé náà. Ó kú ní 2017, lẹ́yìn tí ó ti kọ ìwé tí ó lé ní 15.

A lè yin ìgboyà rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: àwọn tí ó bá fi í ṣe àpẹẹrẹ láti wí pé ìyá tí ó bá fẹ́ kọ̀wé yóò wá àyè fúnra rẹ̀, wọn kò gba ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìtàn náà. Bí ẹnì kan bá la odò ẹ̀kún kọjá, kò túmọ̀ sí pé a kò gbọdọ̀ ṣe afárá. Ọ̀pọ̀ obìnrin ni ó ti wà ní irú ipò kan náà, tí iná jó iṣẹ́ wọn tàbí tí àárẹ̀ pa á, tí a kò sì mọ orúkọ wọn lónìí.

Nísinsin yìí, a fẹ́ sọ ohun tí a rò. Èkínní ni pé ọmọ ni ó ṣáájú ìwé. Ọmọ tí ebi ń pa kò lè dúró de òpin orí-ọ̀rọ̀ kan, ìyá tí ó bá sì gbàgbé èyí ti ṣìnà. Èkejì ni pé ohun tí ó ṣáájú kì í ṣe ohun kan ṣoṣo tí ó wà. Ẹni tí ó fún un ní ọmọ ni ó fún un ní ọ̀rọ̀, kò sì fún un ní ọ̀kan láti fi pa èkejì. Ẹ̀kẹta ni pé, níwọ̀n bí ọmọ kò ti lè dúró, tí ìwé kò sì yẹ kí ó kú, ó di dandan kí ẹlòmíràn na ọwọ́. Àwọn àgbà wa ti wí pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. A máa ń pa òwe yìí níbi ìkómọjáde. Kí ló dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti ń rìn?

Ẹnì kan lè dìde kí ó wí pé, “Ẹ wo àwọn ọmọ Stowe náà. Ṣé wọ́n yanjú?” Òtítọ́ ni pé ìbànújẹ́ pọ̀ ní ilé náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ Henry kú sínú odò ní 1857, nígbà tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Frederick fi ara gba ọgbẹ́ ní ogun Gettysburg ní 1863, ó di ọ̀mùtí, lẹ́yìn náà ó lọ sí ìlú San Francisco, a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n odò àti ogun a máa pa ọmọ àwọn ìyá tí kò di kálàmù mú rí. Ẹ sì jẹ́ kí a rántí pé baba wọn pẹ̀lú kọ̀wé: ní 1867 ó tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ìtàn àwọn ìwé inú Bíbélì. A kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè pé ta ni ó ń gbé ọmọ nígbà tí òun ń kọ ọ́. Ìbéèrè tí a kì í bi baba, tí ó jẹ́ pé ìyá nìkan ni a ń bi, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìfẹ́ ọmọ ni ó wà nídìí rẹ̀ ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ìyá náà fúnra rẹ̀. Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀ bí ìyá òun bá fi òun ṣe ìtàn. Ọmọ ọdún 12 mọ̀, ojú sì lè tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kí ìyá kọ ohun tí ọmọ kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ àṣírí tí ọmọ fi sọ́dọ̀ rẹ̀. Ìkọ̀kọ̀ ọmọ kì í ṣe ohun ìní ìyá.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹ̀yin baba, ìrọ̀lẹ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kò pọ̀ jù fún yín láti mójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àmúrelé àwọn ọmọ, kí ìyá wọn lè ti ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti dàgbà, ọkùnrin àti obìnrin, àwo fífọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ àwọn ọmọbìnrin nìkan. Ẹ̀yin Ẹgbẹ́ Ìyá, bí ẹ ti ń ṣètò láti bẹ aláìsàn wò, ẹ lè ṣètò láti gba ọmọ arábìnrin yín mọ́ra fún ọ̀sán kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ mọ̀ bí ìwé tí a fi èdè wa kọ fún àwọn ọmọdé ti ṣọ̀wọ́n tó. Ta ni ó mọ ìbéèrè ọmọdé bí kò ṣe ẹni tí a ń bi í láti òwúrọ̀ di alẹ́? Àwa òṣìṣẹ́ ìjọ pẹ̀lú, kí a má ṣe fi orúkọ ìyá kan náà sínú gbogbo ìgbìmọ̀ nítorí pé ó mọ̀wé, kí a sì tún máa ṣe ìyàlẹ́nu pé kò kọ nǹkan kan.

Lọ́ọ̀ìsì àti Yùníísì kọ́ Tímótì, gbogbo ìjọ sì jèrè rẹ̀ títí di òní. Ìyá àgbà àti ìyá ni wọ́n jùmọ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹnì kan. Bí a bá wá bi wá pé ta ni yóò gbé ọmọ fún ìyá tí ń kọ̀wé, ìdáhùn wa ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nítòsí tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ni. Kí Ọlọ́run fi ojú tí ń rí iṣẹ́ náà fún wa, àti ọwọ́ tí yóò gbà á.