Ta Ló Fún Ìṣòótọ́ Ní Máàkì?

Bí oṣù Keje bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ ìdánwò ló máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Táàmù kẹta ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọ ń tún ohun tí wọ́n ti kọ́ láti oṣù Kẹsàn-án yẹ̀ wò, àwọn pírámárì kẹfà sì ń kọ́ ijó tí wọn yóò jó níwájú òbí lọ́jọ́ ìdágbére. Olùkọ́ ní tirẹ̀ ń kọ káàdì èsì.

Orí káàdì yìí ni ìbéèrè àtayébáyé kan sá pamọ́ sí. Apá òkè rẹ̀ kò ṣòro: máàkì iṣẹ́ àárín táàmù, máàkì ìdánwò, àròpọ̀, ipò. Nísàlẹ̀ ni wọ́n ti to ìmọ́tótó, ìtètèdé, ìbọ̀wọ̀fágbà àti ìṣòótọ́, tí olùkọ́ yóò fi 1 sí 5 díwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ lọ́sẹ̀ ìparí táàmù mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́: 4, 4, 3, 4, ó tán, káàdì tó kàn. Kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wíjọ́. Ìlànà ìjọba ní kí ọmọ má ju 35 lọ lọ́dọ̀ olùkọ́ pírámárì kan, bẹ́ẹ̀ kíláàsì tó kún ju bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ta ni yóò wo inú gbogbo wọn?

Ṣé ìwà tilẹ̀ ṣeé kọ́ ọmọ ní kíláàsì? Meno bi Socrates ní irú ìbéèrè yìí nínú ìwé Plato. Wọ́n fà á títí, wọn kò rójútùú rẹ̀. Aristotle ní ṣíṣe ló ń sọni di ẹni rere, bí ilé kíkọ́ ṣe ń sọni di bíríkìlà. Ìtàn Ifá jinlẹ̀ ju tàwọn méjèèjì lọ lójú ẹni tó ń kọ èyí. Ìwà, ọmọ Sùúrù, ni ìyàwó Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀rúnmìlà ò lè fara da ìṣe rẹ̀, Ìwà bá kúrò nílé, ọkọ wá di ẹni tó ń wá a kiri. Ọ̀rúnmìlà kẹ̀! Ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè bá du ọgbọ́n. Gbogbo ìmọ̀ tó ní kò dá Ìwà dúró.

Ní ọdún 1928, Hugh Hartshorne àti Mark May, àwọn olùwádìí ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí irọ́ àti ẹ̀tàn láàárín àwọn ọmọdé. Wọ́n ti fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìdánwò, wọ́n gba ìwé wọn, wọ́n da ìdáhùn wọn kọ ní kọ̀rọ̀, wọ́n wá dá ìwé padà pé kí oníkálukú máàkì tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá yí ìdáhùn padà, àṣírí rẹ̀ ti tú. Wọ́n rí i pé ọmọ tó yí i níhìn-ín lè má yí i lọ́hùn-ún. Lílọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi kò sì fi bẹ́ẹ̀ sọ ẹni tí kò ní yí i.

Ó yẹ kí èyí ti dá wa dúró nígbà tí à ń jà lórí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ní 2014, ìjọba Nàìjíríà da ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì, ti Mùsùlùmí àti ẹ̀kọ́ nípa ojúṣe ọmọ ìlú pọ̀ mọ́ra lábẹ́ orúkọ kan. Ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, CAN, fárígá ní 2017, ìjọba sì ní kí wọ́n tún pín wọn. Ẹ̀tọ́ CAN ni láti bínú. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí wọ́n fi tipátipá kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, ta ló béèrè bóyá ọmọ tó gba 90 nínú èyíkéyìí kì í jíwèé wò?

Hartshorne àti May rí nǹkan mìíràn: àwọn ọmọ inú kíláàsì kan náà máa ń jọra nínú bí wọ́n ṣe ń ṣòótọ́. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ kan ọ̀sẹ̀ ìparí. Àwọn ọmọ a máa fi báàgì pààlà sórí bẹ́ǹṣì kí ẹnìkejì má baà wo ìwé wọn. Tí olùkọ́ kan bá wá ń sọ ìdáhùn fún wọn kí ilé ẹ̀kọ́ má baà tẹ́, kí ni báàgì wà fún? Àwọn òbí mìíràn pàápàá ti lọ rí tíṣà nítorí ipò kìíní, wọ́n á sì pè é ní ìfẹ́ ọmọ.

Ẹ wo èyí náà. Olùkọ́ pín ìwé ìdánwò padà, ọmọ kan gbé tirẹ̀ wá: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ti fún mi ní máàkì méjì tí kò tọ́ sí mi." Yíyọ ọ́ ló tọ́. Àmọ́ bí olùkọ́ bá yọ ọ́ láìsọ nǹkan kan, àwọn yòókù tó ń wòran ti mọ ohun tí àwọn yóò ṣe nígbà tó bá kan tiwọn.