ÌFỌKÀNTÁN KÒ DÍ ÌṢIRÒ LỌ́WỌ́

Bíbélì Kíkà: Ẹ́sírà 8:21-34, II Ọba 12:4-15
Ẹsẹ Àkọ́sórí: II Kọ́ríńtì 8:21

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní òwúrọ̀ yìí ti da ọ̀pọ̀ ẹbí rú, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sábà gbọ́ ọ lórí pẹpẹ. Arákùnrin kan wà ní London tàbí ní Houston. Ó ń ṣiṣẹ́ òru, ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé kí wọ́n bá a kọ́ ilé sí Ìkòròdú tàbí sí Ìbàdàn, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ẹni tí ó ń bá a mójú tó iṣẹ́ náà lè jẹ́ bíríkìlà tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ kan náà. Ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kan ó béèrè lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ni ó ti wọlé?" Èsì tí ó gbọ́ ni pé, "Àbí o kò fọkàn tán mi ni?" Ojú tì í. Kò béèrè mọ́ títí di ọjọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà.

Ìbéèrè wa nìyí: Bí Kristẹni bá béèrè ìṣirò lọ́wọ́ Kristẹni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ṣé àìnífẹ̀ẹ́ ni? Ṣé ẹni tí a fọkàn tán ni ó tún yẹ kí a máa ka owó lé lọ́wọ́?

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Báńkì Àgbáyé, owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń bẹ lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé ní ọdún 2023 sún mọ́ 20 bílíọ̀nù dọ́là. Apá kan nínú rẹ̀ ni ó di ilé. Àwọn kan wálé, wọ́n bá ilé wọn bí wọ́n ti fẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn bá ìpìlẹ̀ tí koríko ti hù bò. Àwọn mìíràn bá ilé tí ó dúró dáadáa, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà lórí ìwé ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ìyá méjì kò jókòó sídìí àwo kan mọ́, àní níbi òkú ìyá wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá. Nígbà tí a bá kọ́kọ́ kà á, ó lè dà bí ẹni pé ibi méjì tí a kà lónìí ń ta ko ara wọn.

Nínú ìwé Ẹ́sírà, àwọn èèyàn Ọlọ́run ń ti Bábílónì bọ̀ sí Jerúsálẹ́mù, ìrìn oṣù mẹ́rin. Fàdákà àti wúrà tí wọ́n kó dání pọ̀: fàdákà 650 tálẹ́ńtì, wúrà 100 tálẹ́ńtì, láìka àwọn ohun èlò. Ẹ́sírà yan àlùfáà 12, ó wọn ohun gbogbo lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dé Jerúsálẹ́mù, wọ́n sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n níwájú àwọn ẹlẹ́rìí, wọ́n kà á ní iye àti ní ìwọ̀n, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Nínú ìwé àwọn Ọba ẹ̀wẹ̀, nígbà ayé Jèhóáṣì, a kà pé wọn kò béèrè ìṣirò lọ́wọ́ àwọn tí a fi owó lé lọ́wọ́ láti san fún àwọn oníṣẹ́, nítorí wọ́n ń fi òtítọ́ ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó fẹ́ràn ibi yìí. Bí o bá ní kí wọ́n kọ iye owó sílẹ̀, wọn a sọ fún ọ pé nínú Bíbélì, a kì í bá olóòótọ́ ṣírò owó.

Ṣùgbọ́n farabalẹ̀ ka gbogbo rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ àwọn àlùfáà ni owó àtúnṣe tẹ́ńpìlì ń gbà kọjá láìsí ètò. Títí ó fi di ọdún 23 ìjọba Jèhóáṣì, wọn kò tíì dí ibi tí ó ya lára ilé náà. Bíbélì kò sọ pé wọ́n jalè. Owó ń wọlé, ilé kò yí padà, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìgbà náà ni Jèhóíádà lu ihò sí ideri àpótí kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Bí owó bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà a jọ kà á, a wá fi í lé ọwọ́ àwọn alábòójútó iṣẹ́. Nítorí náà, ènìyàn méjì ti ka owó náà kí ó tó dé ọwọ́ wọn. Òtítọ́ wọn ni ó sì kọ́kọ́ hàn, kí a tó dẹ̀yìn bíbi wọ́n léèrè. Àwọn náà kò sì sọ pé, "Ẹ má bi wá." Ẹni tí a kò tíì rí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó ń fi ibi yìí gba ara rẹ̀ sílẹ̀, èso igi tí kò tíì gbìn ni ó fẹ́ ká.

Padà sọ́dọ̀ Ẹ́sírà, kí o sì kíyè sí ohun méjì. Èkínní, ó sọ fún àwọn àlùfáà wọ̀nyí pé ẹni mímọ́ ni wọ́n, lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n pa ohun náà mọ́ títí wọn yóò fi tún un wọ̀n. Kò wọ̀n ọ́n nítorí pé ó fura sí wọn. Èkejì, ojú ti Ẹ́sírà láti béèrè ọmọ ogun lọ́wọ́ ọba, nítorí ó ti jẹ́rìí pé ọwọ́ Ọlọ́run àwọn wà lára àwọn tí ń wá A. Ààwẹ̀ ni wọ́n gbà dípò ọmọ ogun. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ tó láti rin ọ̀nà olè láìsí ẹ̀ṣọ́, òun náà ni ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún wa pé àìnígbàgbọ́ ni ìṣirò?

Olùfẹ́, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ìfọkàntán, ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ ìṣirò. Ìfọkàntán ń wo ọkàn ènìyàn. Ìṣirò ń wo iṣẹ́ náà, àti ìgbàgbé, àti ìdánwò. Olóòótọ́ lè gbàgbé. Olóòótọ́ lè kú lójijì, kí ìyàwó rẹ̀ má sì mọ ohun tí ó san fún káfíńtà. Olóòótọ́ lè wà nínú ìṣòro owó ilé ìwé ọmọ lọ́jọ́ tí owó páànù rẹ wà ní àpò rẹ̀. Bí o bá pèsè ìṣirò sílẹ̀, arákùnrin rẹ ni o ràn lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù kò fi jẹ́ kí Títù nìkan bójú tó ọrẹ àwọn ìjọ. Ó rán arákùnrin mìíràn tẹ̀lé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ẹ̀sùn kà sí wọn lẹ́sẹ̀, kí ohun gbogbo lè tọ́ lójú Ọlọ́run àti lójú ènìyàn.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ṣe lè mọ ìṣirò yàtọ̀ sí ìfura? Ẹni tí ń fura ti dájọ́ kí ó tó kà. Ẹni tí ń ṣírò a kọ́kọ́ kà ná. Rántí oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà. Kí ó tó di ìparí oṣù kejì ọdún 2024, dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì ti kọjá 1,500 náírà. Àpò sìmẹ́ǹtì tí a ń rà ní nǹkan bíi 5,000 náírà di 10,000 náírà, ó tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ibòmíràn. Bí bíríkìlà bá sọ nígbà náà pé owó tí a fi sílẹ̀ kò tó mọ́, òótọ́ ni ó sọ. Olówó tí ó pè é ní olè láìwádìí ọjà ti jẹ́rìí èké sí aládùúgbò rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tí ń kọ́lé láti òkèèrè, yẹ ara rẹ wò pẹ̀lú. Jeremáyà 22:13 kéde ègbé fún ẹni tí ó fi àìṣòdodo kọ́ ilé rẹ̀, tí ó lo aládùúgbò rẹ̀ láìsan owó iṣẹ́ fún un. Ọba ni a ń bá wí níbẹ̀. Àwọn lébírà tí ń ru búlọ́ọ̀kù rẹ, owó òòjọ́ wọn ni wọ́n fi ń ra gàárì lálẹ́. Bí o bá ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ Olúwa ni igbe wọn ń lọ (Jákọ́bù 5:4). Tún kíyè sí èyí: bí o bá na iye iṣẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi kéré sí ohun tí iṣẹ́ náà lè gbà, tí o sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, o ti rọ oníṣẹ́ náà láti jí i níbòmíràn. Inú kankéré ni yóò ti jí i. Àpò sìmẹ́ǹtì tí ó yẹ kí ó yọ nǹkan bí 30 búlọ́ọ̀kù onínáìnì yóò yọ 50. Ọ̀pá irin tí ó yẹ kí ó nípọn yóò di tín-ín-rín. Ìwọ ni o rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìwọ tí ó wà nílé, tí a fi owó ẹlòmíràn lé lọ́wọ́, bóyá bíríkìlà ni ọ́, bóyá ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, Olúwa ń bá ọ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí a ti da kankéré bo irin mọ́lẹ̀, ojú ènìyàn kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n Ọlọ́run mọ iye ọ̀pá tí ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ènìyàn tí ó ju 40 lọ ni ó kú. Ilé kì í bi wá bóyá ọmọ ìjọ kan náà ni wá kí ó tó wó. Bí ìṣòro bá dé bá ọ, pe olówó kí o tó fọwọ́ kan owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè lè gbọ́ "rárá". Ẹni tí ó bá mú un láìbéèrè ti di olè, ìbáà jẹ́ pé ó ní i lọ́kàn láti dá a padà. Bí a bá sì bi ọ́ ní ìṣirò, má bínú. Ìwé rẹ tí ó mọ́ ni yóò gbà ọ́ lọ́jọ́ tí ẹlẹ́nu ń sọ ìsọkúsọ.

Kí ni kí a wá ṣe? Bẹ̀rẹ̀ ìṣirò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ìfẹ́ ṣì gbóná. Bí o bá dúró di ọjọ́ tí o fura, ogun ni yóò jọ. Kí o tó san owó ilẹ̀, jẹ́ kí lọ́yà yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí ẹni tí ń wọn ilẹ̀ sì wọ̀n ọ́n. Kọ àdéhùn sílẹ̀. San owó ní ìpele-ìpele: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé. Má ṣe jẹ́ kí ẹni tí ń ná owó náà nìkan jẹ́ ẹni tí yóò sọ pé iṣẹ́ dára. Wá ẹnjiníà mìíràn tí yóò wò ó kí a tó da kankéré bo irin. Fótò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò tó, nítorí ilé onílé kò ṣòro láti yà. Má sì kánjú wọn: kankéré ń fẹ́ omi àti àkókò, ọjọ́ 28 sì ni a fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ ni, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun tí ẹ ń fi ara yín jì fún mi. Ẹ jẹ́ kí a jọ máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnu ayé má bàa ba orúkọ yín jẹ́." Kí o sì ṣètò owó ọkọ̀ àti owó wàhálà fún un. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó gùn jù ń dán ọkàn wò.

Níkẹyìn, ará mi, rántí ọkùnrin tí ó lọ sí ìrìn àjò nínú Mátíù 25. Ó fi ohun ìní rẹ̀ lé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì lọ. Ìfọkàntán nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ó dé, ó bá wọn ṣírò. Àwọn méjì tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ kò sá fún ọjọ́ ìṣirò. Ọjọ́ náà ni wọ́n gba ìyìn, tí wọ́n sì wọ inú ayọ̀ olúwa wọn. Bí Ọ̀gá wa tí ó fẹ́ràn wa títí dé orí àgbélébùú yóò bá wa ṣírò, àwa ta ni tí a ó fi sọ pé ìṣirò ń ba ìfẹ́ jẹ́?

Ìgbésẹ̀ Lónìí: Bí owó ẹnikẹ́ni bá wà lọ́wọ́ rẹ, kọ iye rẹ̀ àti ohun tí o fi ṣe sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, kí o sì fi ránṣẹ́ sí i kí ó tó béèrè. Bí o bá jẹ oníṣẹ́ kan ní owó, san án.

Àdúrà:
1. Baba, mo dúpẹ́ fún gbogbo ohun tí o fi sí ìkáwọ́ mi.
2. Olúwa, fún mi ní ọkàn tí kò bẹ̀rù ìṣirò, àti ẹnu tí kò ní fi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀.
3. Baba, tún ìdílé tí ọ̀rọ̀ ilé àti owó ti tú ká ṣe, kí o sì dá ìfẹ́ padà sáàárín wọn.
4. Olúwa, ràn àwọn tí ń kọ́lé lókè òkun àti nílé lọ́wọ́, kí ilé wọn má wó, kí ó má sì di ilé ẹkún, ní orúkọ Jésù. Àmín.