Bí Ẹ̀bùn Bá Ṣẹ́ Mọ́ Ẹni Lọ́wọ́

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n,

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ìjọ wa mú tọ̀ mí wá, tí kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ó gbà mí láyè kí n kọ ọ́ síhìn-ín, níwọ̀n bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ìbéèrè náà kéré lójú, ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, ó kan olúkúlùkù ẹni tí ó ti fi ohunkóhun ta ẹnìkejì lọ́rẹ rí.

Olùkọ́ yìí fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ọ̀bẹ òkúta kan fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìtàn ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ó sì kù díẹ̀ kí ó pé ọgọ́rin ọdún. Ọ̀gá náà ni ó kọ́kọ́ sọ fún un nípa Ihò Eléérú, ibi àpáta tí ó wà nítòsí Ìsàrun ní agbègbè Àkúrẹ́, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti walẹ̀ ní ọdún 1965. Wọ́n bá egungun ènìyàn kan níbẹ̀, tí ó ti wà nínú ilẹ̀ láti ohun tí ó ju 11,000 ọdún lọ, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ irinṣẹ́ òkúta àti èérún tí ó bọ́ lára òkúta nígbà tí a ń ṣe wọ́n. Ẹ̀kọ́ náà wọ ọmọ náà lára tó bẹ́ẹ̀ tí òun pẹ̀lú fi di olùkọ́ ìtàn. Nítorí náà ni ó ṣe rò pé ọ̀bẹ òkúta ni yóò fi dúpẹ́.

Ẹ má ṣe rò pé iṣẹ́ ọmọdé ni. Òkúta tí a fi ń ṣe irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ kò ní iṣan bí igi. Bí a bá fi òkúta mìíràn lù ú létí, agbára ìlù náà a gba inú rẹ̀ kọjá bí omi adágún ti í ṣe nígbà tí a bá ju òkò sí i, èérún pẹlẹbẹ kan a sì bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ohun tí ó bá ti bọ́ kò ṣeé dá padà. Amọ̀kòkò lè po amọ̀ rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, alágbẹ̀dẹ lè dá irin padà sínú iná. Ẹni tí ń gé òkúta kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ wa fi ìdí ìgò kọ́ iṣẹ́ náà ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ó fi awọ bo itan rẹ̀, ó sì fi awò bo ojú. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń gbé ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí òkúta ìbọn ti pọ̀ nínú ilẹ̀ ẹfun, fi odidi mẹ́ta ránṣẹ́ sí i.

Èkínní bàjẹ́ nítorí ìkánjú. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi òkúta líle ha etí rẹ̀ kí etí náà lè gba ìlù. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èérún ń dúró lágbedeméjì, wọ́n ń fi gegele sílẹ̀ lójú òkúta. Ó fi agbára kún agbára, òkúta sì là. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ó gba ìbáwí náà, ó sì fi ẹ̀sọ̀ mú èkejì. Ṣùgbọ́n ẹfun kan farapamọ́ sí inú rẹ̀ tí ojú kò lè rí láti òde. Nígbà tí ìlù dé ibẹ̀, ó pín sí méjì. Èkẹta ni ó yọrí sí rere. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú. Ó ku ìlù bíi mẹ́ta péré, ó lu ìdí rẹ̀, ọ̀bẹ náà sì ṣẹ́ láàárín, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò tilẹ̀ kàn. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ ti rí: bí a kò bá gbé gbogbo ara rẹ̀ dúró dáadáa, ìlù ìdí a máa mì í títí yóò fi ṣẹ́ ní ibòmíràn.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ayẹyẹ náà pé. Ìgbà náà ni ó wá bá mi. “Fada,” ni ó wí, “mo lè fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kí n sì fi awọ wé ojú ibi tí ó ti ṣẹ́ bí ẹni wé èèkù ọ̀bẹ. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ń ta ọ̀gá lọ́rẹ, n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀?”

Mo bi í pé: èwo nínú àwọn òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dùn ọ́ jù? Ó ní gbogbo wọn ni, àti pé ojú ń ti òun nítorí gbogbo wọn. Níbí ni mo ti kọ́kọ́ tún èrò rẹ̀ ṣe. Ẹ̀bi yàtọ̀ sí àgbákò. Ìkánjú ni ó ba èkínní jẹ́. Ó yẹ kí ó kẹ́dùn rẹ̀, kí ó sì ṣe àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá a lẹ́bi nítorí ẹfun tí ó fi ara pamọ́ sínú òkúta? Ẹni tí ó ń ronúpìwàdà ohun tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ yóò fi agbára ìrònúpìwàdà rẹ̀ ṣòfò, kò sì ní kù fún un nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ gidi bá dé. Ní ti èkẹta, àìmọ̀ọ́ṣe ni; ìwọ̀sí kọ́ ni, ọjọ́ orí iṣẹ́ rẹ̀ ni ó kéré.

Lẹ́yìn náà ni mo wá dá ìbéèrè rẹ̀ lóhùn. Láti lẹ ohun tí ó ṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, gbogbo aránbàtà ni ì bá máa jẹ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Bíbò ó mọ́lẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ọ̀bẹ tí a fi lé àgbàlagbà lọ́wọ́ ń sọ̀rọ̀, ó ń wí pé: ara mi dá ṣáṣá, ẹ fi ọwọ́ yín tẹ̀ mí. Bí ó bá ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi mọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí a gbà pé kò ní ṣẹ́ láéláé. Kí ni ọ̀gá yóò pàdánù nígbà tí kò san owó? Ìdáhùn mi nìyí. Nínú ọjà, owó ni a lè fi irọ́ jí. Nínú ẹ̀bùn, ohun tí ó ju owó lọ ni. Tómásì Mímọ́ ti Àkúínò kọ́ wa pé ìfẹ́ ni ẹ̀bùn àkọ́kọ́, nínú rẹ̀ ni a ti ń fi gbogbo ẹ̀bùn yòókù fúnni. Nígbà náà, ẹni tí ó gba ọ̀bẹ gba ènìyàn pẹ̀lú. Bí mo bá bo ibi tí ó ṣẹ́, ọ̀gá mi yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ kì í tàsé, ẹni tí kò sí níbì kankan. Èmi tí mo jókòó níwájú rẹ̀ kò ní rí ọpẹ́ gbà. Ọpẹ́ náà yóò kọjá lórí mi lọ sọ́dọ̀ àjèjì. Mo ti ja ọ̀gá mi lólè èmi fúnra mi.

Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Fada, bóyá ìyìn ni mo ń wá lọ́jọ́ náà.” Èmi kò fi kún un.

Ìdajì tí ó gùn jù ni ó mú, ó fi sùúrù tún etí rẹ̀ ṣe, ó sì fi igi ṣe èèkù rẹ̀. Ọ̀bẹ kúkurú kan ni ó jáde, kò sì sí gọ́ọ̀mù tí ó bo ohunkóhun. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ó kúnlẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Ó wí pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe èyí ni mo ní lọ́kàn láti fún yín,” ó sì ròyìn òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láì yọ ìkánjú rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá náà yí ọ̀bẹ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó fi í bó ọsàn kan, ó sì pín in fún wa. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé:

“Èérún rẹ̀ ńkọ́? Ṣé o kò dà á nù? Kó o wá fún mi. Èérún ni àwa onítàn fi ń mọ oníṣẹ́.”

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹ̀bùn tí ẹ ń pèsè bá ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ wádìí bóyá ẹ̀bi ni tàbí àgbákò, kí ẹ sì mú èyí tí ó kù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi awọ wé e.

Fada yín